Aago Màmá, Aago Dókítà

[Fóònù ń dún. Ariwo ẹ́ńjìnnì. Ohùn èrò púpọ̀.]

ÀBÚRÒ: Hẹ́lò? Àǹtí?

Ẹ̀GBỌ́N: Hẹ́lò, ọ̀gá onígbàjámọ̀.

ÀBÚRÒ: Ẹ kú àárọ̀, Àǹtí. Ẹ kú ìrìn. Ẹ kú—

Ẹ̀GBỌ́N: O ti kí mi tó. Ṣé ẹ jí dáadáa?

ÀBÚRÒ: A jí. Ibo lẹ dé?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ti wà nínú ọkọ̀. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni wọ́n fún mi. Ọkùnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò tíì de bẹ́líìtì tó fi sùn lọ. Ó ń hanrun bí ẹni tó san owó oorun mọ́ owó ọkọ̀.

ÀBÚRÒ: Ṣé ọkọ̀ ti gbéra?

Ẹ̀GBỌ́N: Tó bá ti gbéra, ṣé èmi àti ìwọ á máa sọ̀rọ̀ báyìí? Ìwọ, ọmọ Ohùn Pápá, lo ń bi mí nírú ìbéèrè yẹn. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ìyá ẹ fi kéde ọkọ̀ òfúrufú, o ò mọ̀ pé fóònù kì í lọ lókè.

ÀBÚRÒ: Mo mọ̀. Mo kàn—

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ló dé tí ò ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́?

ÀBÚRÒ: Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn ni mo wà. Wọn kì í fẹ́ ariwo níbí.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó dáa. Sọ fún Màmá pé mo gbé búrẹ́dì bọ̀. Èyí tó rọ̀, mo ti gé èèpo ẹ̀ kúrò. Mo ní tí ọ̀fun bá ń dùn wọ́n, kí wọ́n rẹ ẹ́ sínú wàrà, kí wọ́n—

ÀBÚRÒ: Àǹtí.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ló dé?

ÀBÚRÒ: Màmá ò lè gbé nǹkan kan mì mọ́. Láti ọjọ́rú.

[Ariwo. Ohùn ọmọdé tó ń sunkún níbi kan nínú ọkọ̀.]

Ẹ̀GBỌ́N: Omi ńkọ́?

ÀBÚRÒ: Rọ́bà imú ni omi ń gbà.

Ẹ̀GBỌ́N: O ò sì sọ fún mi.

ÀBÚRÒ: Mo ní tí ẹ bá dé, ẹ ó rí i. Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹkún lẹ máa sun wá látibẹ̀?

Ẹ̀GBỌ́N: Wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀ ṣá?

ÀBÚRÒ: Wọ́n lè sọ̀rọ̀. Wọn ò kàn fẹ́. Láti àná ni wọn ò ti la ẹnu. Ìwé ni wọ́n fi ń bá wa sọ̀rọ̀. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí ojú ewé àkọ́kọ́: “Mò ń tọ́jú ohùn mi de ẹ̀gbọ́n ẹ. Kí ẹnikẹ́ni má bi mí ní nǹkan kan.” Kódà dókítà bi wọ́n bóyá ó ń dùn wọ́n, ojú ewé yẹn ni wọ́n ṣí fún un.

Ẹ̀GBỌ́N: [ẹ̀rín díẹ̀] Màmá.

ÀBÚRÒ: Àǹtí, aago mélòó lẹ máa dé ibí? Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ti ṣírò ẹ̀. Láti pápá ọkọ̀ òfúrufú ibí sí tiyín, òjìlélẹ́ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta kìlómítà ni. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá lókè. Ó yẹ ká ti gbéra ní aago mẹ́wàá ààbọ̀, wọ́n ti fi ogún ìṣẹ́jú dá wa dúró. Ṣùgbọ́n mo ṣì ní àyè. Aago kan ni iṣẹ́ abẹ, àbí?

[Ìró ẹsẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.]

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Aago kan báwo?

Ẹ̀GBỌ́N: Aago kan ọ̀sán.

ÀBÚRÒ: Aago méjìlá ni mo kọ ránṣẹ́ sí yín.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo rí i. Mo wá fi wákàtí kan kún un.

ÀBÚRÒ: Ẹ fi wákàtí kan kún un nítorí kí ni?

Ẹ̀GBỌ́N: Aago Màmá ńkọ́?

ÀBÚRÒ: Àǹtí, rárá.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ni rárá? Ìgbà wo lẹ sọ aago gidi fún mi rí nínú ilé yẹn? Tí ilé ìwé bá ń wọlé ní aago mẹ́jọ, Màmá á ní aago méje. Wọ́n ní ẹni tí kò bá fi wákàtí kan parọ́ fún èrò, èrò á sáré tẹ̀lé ọkọ̀ tó ti lọ. Ìwọ náà kọ́ ọ. Lọ́dún tó kọjá, o ní kí n wá gba ẹrù ní aago mẹ́rin. Aago márùn-ún ni ẹrù dé. Mo jókòó sórí pákó fún odidi wákàtí kan, mò ń ṣépè fún ẹ.

ÀBÚRÒ: Ẹrù nìyẹn. Èyí kì í ṣe ẹrù. Aago dókítà ni mo kọ sí yín. Mi ò yọ nǹkan kan kúrò nínú ẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ló dé tí o ò sọ pé aago gidi ni?

ÀBÚRÒ: Mi ò rò pé—

Ẹ̀GBỌ́N: Ọ̀rọ̀ kan péré. Kí o kọ “gidi” sí i.

ÀBÚRÒ: Èmi náà ò ronú kàn án. Mo ní nítorí iṣẹ́ abẹ, ẹ máa mọ̀.

[Ohùn láti inú ẹ̀rọ ọkọ̀: “...ẹ jọ̀wọ́ ẹ ṣe sùúrù, ọkọ̀ tó bẹ́ táyà lójú ọ̀nà ìgbéra kò tíì kúrò...”]

ÀBÚRÒ: Kí ni wọ́n sọ yẹn?

Ẹ̀GBỌ́N: Ọkọ̀ kan ló bẹ́ táyà níwájú. Kò sẹ́ni tó lè gbéra títí wọ́n á fi wọ́ ọ kúrò. Aago mélòó ló lù lọ́dọ̀ ẹ?

ÀBÚRÒ: Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mọ́kànlá lù. Àǹtí, aago mọ́kànlá ààbọ̀ ni wọ́n máa wá gbé wọn. Wọ́n ní wọ́n á kọ́kọ́ fún wọn ní abẹ́rẹ́ oorun.

Ẹ̀GBỌ́N: Tá a bá gbéra nísinsìnyí, táyà wa á kan ilẹ̀ ní aago méjìlá.

ÀBÚRÒ: Táyà nìyẹn.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo mọ̀ pé táyà nìyẹn.

ÀBÚRÒ: Màmá náà ló kọ́ wa. Àkókò òfúrufú kì í ṣe àkókò ìrìn-àjò. Ẹ ṣì máa jáde nínú ọkọ̀, ẹ máa—

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ní mo mọ̀! Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí n jáde, ó ku ìṣẹ́jú márùndínlógójì lójú títì. Mo mọ ìṣirò. Ìṣirò kọ́ ló ṣe mí.

[Ẹ́ńjìnnì lọ sókè díẹ̀, ó tún rọlẹ̀.]

Ẹ̀GBỌ́N: Ọkọ̀ aago méje wà láàárọ̀ yìí.

ÀBÚRÒ: Ẹ má bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Àyè wà nínú ẹ̀, mo rí i. Mo ní aago kan ni iṣẹ́ abẹ, kí n kọ́kọ́ dúró kí búrẹ́dì jáde nínú ààrò. Búrẹ́dì tí wọn ò lè gbé mì. Orí itan mi ló wà báyìí, ó ṣì ń gbóná.

ÀBÚRÒ: Àǹtí, please.

Ẹ̀GBỌ́N: Bá dókítà sọ̀rọ̀. Sọ fún un pé kó sún un síwájú. Wákàtí méjì péré.

ÀBÚRÒ: Mo ti bá a sọ ọ́ láàárọ̀, nígbà tí mi ò tíì mọ̀ pé ẹ máa pẹ́ pàápàá. Màmá ló ní kí n bẹ̀ ẹ́. Dókítà ní ọ̀fun ń dí. Lánàá wọ́n sáré fún wọn ní atẹ́gùn lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní tí òun bá dúró de ohùn, èémí á lọ. Ó ní kí n yan ọ̀kan.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí lo yàn?

ÀBÚRÒ: Kí lẹ fẹ́ kí n yàn?

Ẹ̀GBỌ́N: ...Má bínú.

ÀBÚRÒ: Wọ́n máa yọ gbogbo gògóńgò náà ni. Tí Màmá bá jí, wọ́n á máa mí látinú ihò tí wọ́n dá sí ọrùn. Wọn ò ní sọ̀rọ̀ mọ́ láyé. Kì í ṣe pé ohùn á há, Àǹtí. Kò ní sí mọ́.

Ẹ̀GBỌ́N: [ó ń sunkún] Ǹ bá ti máa gbọ́ ohùn yẹn lọ́dún mẹ́ta yìí.

ÀBÚRÒ: Àbámọ̀ ò wúlò báyìí.

Ẹ̀GBỌ́N: Lọ́jọ́ tí ọkọ mi kó ẹrù ẹ̀ jáde, mo pè wọ́n pé kí wọ́n bá mi sunkún. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni pé, “Ṣebí mo ti sọ fún ẹ.” Inú bí mi. Mo ní mi ò fẹ́ gbọ́ ohùn wọn mọ́. Mo ní títí láé.

ÀBÚRÒ: Mo mọ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Wọn ò sì pè mí mọ́. Lọ́dún mẹ́ta. Ta ló ń gbọ́ràn sí ọmọ lẹ́nu tó báyẹn?

ÀBÚRÒ: Ẹ̀yin méjèèjì le bákan náà. Ṣé kí n fún wọn ní fóònù? Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ nísinsìnyí, kí àwọn tó ń ti bẹ́ẹ̀dì tó dé.

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé wọ́n á gbà?

ÀBÚRÒ: Ẹ dúró. [Ìró ẹsẹ̀. Ilẹ̀kùn. Ìró ẹ̀rọ kan tó ń ṣe pí, pí.] Màmá, Àǹtí ló wà lórí fóònù. Wọn ò ní lè tètè dé. Ọkọ̀ ò tíì gbéra... Bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣì wà nílẹ̀. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀. [Ìró báírò lórí ìwé.] Àǹtí?

Ẹ̀GBỌ́N: Mò ń gbọ́.

ÀBÚRÒ: Wọ́n kọ ọ́ pé: “Orí fóònù ló ti ní òun ò fẹ́ gbọ́ ohùn mi mọ́. Kì í ṣe orí fóònù ni màá ti dá a lóhùn. Ojú rẹ̀ ni mo fẹ́ máa wò.”

Ẹ̀GBỌ́N: Sọ fún wọn pé mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Sọ fún wọn pé mò ń bẹ̀ wọ́n.

ÀBÚRÒ: Wọ́n gbọ́. Mo ti gbé fóònù sí gbangba, sórí sípíkà. [Báírò.] Wọ́n ní, “Aago mélòó lọkọ̀ ẹ?” ...Mo sọ fún wọn, Àǹtí. Mo sọ fún wọn pé aago Màmá lẹ lò.

[Ẹ̀rọ: pí, pí.]

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ni wọ́n kọ?

ÀBÚRÒ: Wọn ò kọ nǹkan kan. Wọ́n gbé báírò sílẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Kò yẹ kí o sọ fún wọn!

ÀBÚRÒ: Mi ò mọ ohun tí mo ń ṣe mọ́, Àǹtí. Èmi nìkan ni mo wà níbí láti ọjọ́ mọ́kànlá. Irun wọn ni mo lè gé. Mo gé e. Mo fá ọrùn wọn fún dókítà. Ìyẹn nìkan ni mo mọ̀ ọ́n ṣe.

Ẹ̀GBỌ́N: Má bínú, àbúrò mi. Má bínú. Gbọ́, gba ohùn wọn sílẹ̀ fún mi sórí fóònù míràn. Kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n bá fẹ́ sọ, màá gbọ́ ọ tí mo bá dé.

ÀBÚRÒ: Mo ti dá a lábàá lánàá. Ìdáhùn ṣì wà nínú ìwé níbí: “Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n fi gba ohùn mi sílẹ̀. Ọjọ́ tí mo fẹ̀yìn tì ni wọ́n pa á rẹ́, tí wọ́n fi ti ẹ̀rọ sí i. Èyí kì í ṣe ìkéde.”

Ẹ̀GBỌ́N: Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Màmá, ṣé ẹ gbọ́ mi?

[Ilẹ̀kùn ṣí. Ìró táyà bẹ́ẹ̀dì.]

NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Wọ́n ti múra tán lókè. Ṣé ká máa lọ?

ÀBÚRÒ: Aago mọ́kànlá ààbọ̀ lẹ sọ. Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú méjì la wà yìí.

NỌ́Ọ̀SÌ: Dókítà ní ká tètè gbé wọn. Ẹ wo bí àyà wọn ṣe ń lọ sókè sódò.

ÀBÚRÒ: Ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo bẹ̀ yín.

NỌ́Ọ̀SÌ: Mẹ́ta. Mò ń dúró lẹ́nu ọ̀nà.

[Ilẹ̀kùn.]

ÀBÚRÒ: Àǹtí, Màmá ń na ọwọ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Sí kí ni?

ÀBÚRÒ: Sí fóònù. Wọ́n pa á kúrò ní gbangba. Wọ́n... wọ́n ní kí n jáde. Ó dáa, Màmá. Mò ń jáde.

[Ìró ẹsẹ̀. Ilẹ̀kùn. Èékánná kan fóònù lẹ́ẹ̀mejì: kó, kó. Atẹ́gùn ẹnu.]

Ẹ̀GBỌ́N: Màmá. Ẹ ṣì ń yẹ ẹ̀rọ wò kí ẹ tó sọ̀rọ̀.

ÌYÁ: [ohùn híha, ó lọ sílẹ̀ gan-an] Ilẹ̀ lẹ wà. Mò ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì.

Ẹ̀GBỌ́N: Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.

ÌYÁ: Òjìlélẹ́ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Wákàtí kan, ìṣẹ́jú mẹ́wàá. O ò ní bá mi.

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ dárí jì mí. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn, ìbínú ni. Kò sí ọjọ́ kan tí mi ò fẹ́ pè. Ojú ló ń tì mí. Lẹ́yìn ọdún kan, ojú wá ń tì mí pé ojú ń tì mí. Màmá, ẹ—

ÌYÁ: Jẹ́ n sọ̀rọ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ máa sọ.

ÌYÁ: Ẹ̀ẹ̀kan ni mo lè sọ ọ́. Kò tó ẹ̀ẹ̀mejì mọ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Mò ń gbọ́.

ÌYÁ: Ọmọ mi. Lọ́jọ́ tí o pè mí yẹn, èmi náà ti— [ariwo] —tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, bàbá yín náà ò— [ariwo]

Ẹ̀GBỌ́N: Màmá?

ÌYÁ: [ariwo] —nínú àpótí kékeré tó wà— [ariwo gígùn] —ìwọ nìkan. Kì í ṣe àbúrò ẹ. Ìwọ ni mo fẹ́ kó— [ariwo]

OLÙTỌ́JÚ ÈRÒ: Ẹ jọ̀wọ́ mà, ẹ pa fóònù. Wọ́n ti wọ́ ọkọ̀ yẹn kúrò, a fẹ́ gbéra.

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan. Ìyá mi ni.

OLÙTỌ́JÚ ÈRÒ: Mà, ọkọ̀ ti fẹ́ rìn.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ní ìyá mi ni! Màmá, ó ń já. Màmá, ó—

ÌYÁ: [ariwo] —ni mo ń bẹ̀ ẹ́ sí. Ìyẹn ni. [ikọ́, ó pẹ́ kó tó dáwọ́ dúró] Ṣé o gbọ́ mi?

Ẹ̀GBỌ́N: Màmá...

ÌYÁ: [èémí líle] Ṣé... o gbọ́? Ṣé o gbà?

[Ẹ̀rọ: pí, pí, pí. Ẹ́ńjìnnì ń lọ sókè.]

Ẹ̀GBỌ́N: Mo gbọ́ yín, Màmá. Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀. Mo gbà.

[Èékánná kan fóònù: kó, kó. Ilẹ̀kùn. Ìró táyà bẹ́ẹ̀dì, ìró ẹsẹ̀ púpọ̀.]

ÀBÚRÒ: Àǹtí? Ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo wà.

ÀBÚRÒ: Wọ́n ti ń tì wọ́n lọ. Kí lẹ sọ fún wọn? Àǹtí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ mọ́kànlá, mi ò rí eyín wọn. Bí mo ṣe wọlé, wọ́n fi báírò kọ nǹkan sínú ìwé, wọ́n na ìwé náà sí mi.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ni wọ́n kọ?

ÀBÚRÒ: “Ó gbọ́ mi. Ó gbà. Ìwọ náà, ràn án lọ́wọ́ kó lè ṣe é.”

[Ẹ́ńjìnnì.]

ÀBÚRÒ: Àǹtí? Kí ni ká ṣe? Kí lẹ gbà?

Ẹ̀GBỌ́N: Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. Mi ò gbọ́.

ÀBÚRÒ: Ẹ ò gbọ́ èmi?

Ẹ̀GBỌ́N: Mi ò gbọ́ Màmá. “Ọmọ mi” ni mo gbọ́, àti àpótí kan. Ìyókù, ariwo ni. Wọ́n ti ní ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n lè sọ ọ́. Mi ò lè ní kí wọ́n tún un sọ. Mo sì gbà. Mi ò mọ ohun tí mo gbà.

ÀBÚRÒ: [ariwo] —ẹ ní kí ni? Ó ń já, Àǹtí. Àpótí wo?

Ẹ̀GBỌ́N: Má bi wọ́n. Tí wọ́n bá jí, má ní kí wọ́n kọ ọ́. Wọn ò gbọ́dọ̀ mọ̀ láé pé mi ò gbọ́. Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: [ariwo] —ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì nìkan. Ṣé ọkọ̀ ti ń rìn?

Ẹ̀GBỌ́N: Ó ti ń rìn.

OLÙTỌ́JÚ ÈRÒ: Mà. Fóònù.

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé o gbọ́ mi? Mo ní má bi wọ́n—

ÀBÚRÒ: Hẹ́lò? Àǹtí, tí ẹ bá ń gbọ́ mi, mo máa wá dúró dè yín ní pápá. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àbí? Mo máa mú ìwé Màmá dání, kí ẹ lè ṣàlàyé ẹ̀ fún mi. Hẹ́lò? Ẹ kàn sọ èyí kan fún mi kí ẹ tó gbéra. Kí lẹ gbà? Àǹtí? Ṣé ẹ gbọ́—

[Ó já.]